RAM 16GB ló wà nínú kọ̀ǹpútà mi, 8GB péré ló ń lò: kí ni kí n ṣe?

Ayàwòrán Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọyẹ́. Mo ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa: bánà, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tòkunbọ̀ ni, processor rẹ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ) jẹ́ Core i5 ìran kẹrin, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 8GB méjì ló wà nínú rẹ̀, 16GB lápapọ̀, ó sì ti ń bá mi ṣiṣẹ́ bọ̀ láìsí wàhálà.

Láìpẹ́ yìí, bí mo bá ti ṣí bánà ńlá nínú CorelDRAW, software tí mo fi ń yàwòrán, ẹ̀rọ á dúró gbagidi, mi ò ní lè tẹ ohunkóhun. Mo wọ Settings, mo tẹ System, mo tẹ About. Ó kọ 16.0 GB síbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó tún kọ “7.95 GB usable” tẹ̀ lé e. Níbo ni ìyókù wọlẹ̀ sí? Ẹni tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe ní motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo ohun inú ẹ̀rọ so mọ́) ló ti ń kú lọ, pé kí n wá owó òmíràn. Àwọn oníbàárà ń dúró de iṣẹ́ wọn, owó motherboard kì í sì í ṣe owó kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó náà.

Ọmọ Samaru

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ó lè jẹ́ Windows 32-bit, irú èyí tí kò lè lo RAM púpọ̀, ni wọ́n fi sí i fún yín. Bó ṣe rí lórí laptop tèmi ní Zaria níbí nìyẹn: RAM 8GB ló wà nínú rẹ̀, 3.4GB péré ló ń lò. Wọ́n ní àfi kí n fi Windows mìíràn sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí torí iṣẹ́ àṣekágbá mi wà lórí rẹ̀.

Bàbá Ẹ̀rọ, Wuse

Ayàwòrán, ẹ má tíì fọwọ́ kan owó yín. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Abuja níbí, àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ti ra motherboard lásán nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé nǹkan kan ti kú, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ibi tí RAM náà ti sọnù.

Ibi mẹ́ta ni kí ẹ wò, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ bá rí sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ara RAM fúnra rẹ̀. Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn á sọ iye tó jẹ́. Èkejì ni BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀: bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ, kí ẹ máa tẹ F2, F10 tàbí Delete kí Windows tó yọjú, torí gbogbo ẹ̀rọ kọ́ ló ń lo bọ́tìnnì kan náà. Ẹ̀kẹta ni Windows: ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè ṣí, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Memory. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ẹ máa rí “Slots used” àti “Hardware reserved”. Ẹ kọ méjèèjì ránṣẹ́ síbí.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyí. Bí BIOS bá ka 16GB pé, tí Windows kò sì lò ó tán, a jẹ́ pé inú Windows tàbí inú ètò BIOS ni ọ̀ràn wà, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀. Bí BIOS fúnra rẹ̀ kò bá kà á pé, ẹ má dààmú Windows, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì ohunkóhun fún yín. Ohun tí ọwọ́ lè bà ló ní ìṣòro nígbà náà: RAM, ihò tí wọ́n ki RAM bọ̀, tàbí ọ̀nà tó so ó mọ́ processor.

Ohun kan wà tí ẹ lè yẹ̀ wò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ msconfig, ẹ tẹ Enter. Ẹ lọ sí Boot, ẹ tẹ Advanced options. Bí wọ́n bá ti fi àmì sí “Maximum memory”, ẹ yọ ọ́, ẹ tẹ OK, kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Àwọn kan máa ń sọ fún ara wọn pé béèyàn bá kọ iye RAM síbẹ̀, ẹ̀rọ á yára sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ààlà ni wọ́n ń pa fún Windows níbẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ lò kọjá iye báyìí. Àwọn tó ń ṣe software ló ń lò ó láti fi mọ bí iṣẹ́ wọn á ṣe rí lórí ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ kéré.

Ọmọ Samaru, tìrẹ yàtọ̀ sí tiwọn. Windows 32-bit kò lè fún èèyàn ní 7.95GB láéláé. Gbogbo àyè kọ̀ọ̀kan nínú RAM ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà tí Windows 32-bit orí laptop lè pè kò sì ju 4,294,967,296 lọ. Ohun tó ń jẹ́ 4GB nìyẹn. Ilé tí kò bá ti ní nọ́ńbà, lẹ́tà kò lè dé ibẹ̀, ì báà jẹ́ ilé alájà mẹ́wàá. Inú nọ́ńbà kan náà yìí ni ohun tó ń gbé àwòrán jáde àti ohun tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé ti ń mú ìpín tiwọn, ìdí nìyẹn tí ohun tó ń ṣẹ́kù fi máa ń wà láàárín 3GB sí 3.5GB. Mo ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ.

Ìyá Ìbejì, Sabon Gari Kano

Bàbá, ẹ kú làálàá. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní títẹ̀wé àti Excel, mo sì ra laptop tòkunbọ̀ fún wọn. AMD ni wọ́n kọ sí i lára. 8GB ni wọ́n tà fún mi, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló kọ “5.9 GB usable”. Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ báyìí? Mo ti ń múra láti kó wọn padà fún ẹni tó tà á.

Bàbá Ẹ̀rọ, Wuse

Ẹ fara balẹ̀, Ìyá Ìbejì, wọn ò rẹ́ yín jẹ. Lórí irú AMD bẹ́ẹ̀, inú processor ni ohun tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ wà, kò sì ní RAM tirẹ̀. Ara RAM yín ló ti ń bù lò: ó lè jẹ́ 512MB, ó lè jẹ́ 1GB, tiyín ti gba 2GB. Ẹ wọ BIOS, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “UMA Frame Buffer Size” sí. Bí ẹ bá rí i, ẹ dín in kù sí 512MB, ẹ tẹ F10 láti fi í pamọ́. Fún títẹ̀wé àti Excel, 512MB tó, bó bá sì nílò sí i, yóò yá a lọ́wọ́ Windows yóò sì dá a padà. Lórí ọ̀pọ̀ laptop, wọn kì í fi ibẹ̀ han èèyàn rárá. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má gba àjèjì software kankan tó bá ní òun á ṣí i fún yín.

Kí gbogbo wa sì mọ̀: bí ẹ bá rí 7.8 nínú 8, tàbí 15.9 nínú 16, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ yín.

Olùkọ́ Minna

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa níbí.

Àwọn laptop ìgbà 2006 sí 2007 tó ń lo Intel 945, ẹ lè ki 4GB bọ inú wọn, wọn ò ní lò ju 3GB àti díẹ̀ lọ. Kódà bí ẹ bá fi Windows 64-bit (èyí tó lè lo RAM tó ju 4GB lọ) sí i, kò ní yí padà, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe náwó lé e lórí.

Àwọn desktop tó tẹ̀ lé wọn ní ibì kan nínú BIOS tí wọ́n ń pè ní Memory Remap. Òun ló ń gbé ìpín RAM tí àwọn ẹ̀rọ mìíràn ti gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ sókè 4GB, kí Windows 64-bit lè rí i lò. Bó bá wà ní Disabled, ẹ yí i sí Enabled. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ń ṣe èyí, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì ìṣòro náà á tún padà. Bátìrì kékeré pẹlẹbẹ tó wà lórí motherboard ló fà á, CR2032, volt 3. Tó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni BIOS ń gbàgbé ohun tí ẹ sọ fún un. Bí aago kọ̀ǹpútà yín bá ń padà sí ọdún àtijọ́ ní àárọ̀, òun nìyẹn. Owó bátìrì yìí kò tó nǹkan.

Windows 7 náà ní ààlà tirẹ̀: Starter kò kọjá 2GB, Home Basic 64-bit kò kọjá 8GB, Home Premium kò kọjá 16GB. Ì bá jẹ́ Home Basic ló wà lórí ẹ̀rọ Ayàwòrán ni, mi ò bá ní ká má wá ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n Windows 10 ni wọ́n ní, Home rẹ̀ 64-bit sì ń lò tó 128GB.

Ayàwòrán Kubwa

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo ti wò gbogbo rẹ̀.

Kò sí àmì kankan nínú msconfig. Task Manager kọ Slots used: 2 of 4. Hardware reserved rẹ̀ jẹ́ 8.1 GB. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni BIOS. Ó dárúkọ RAM méjèèjì, ó kọ 8192 MB síwájú ìkọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó máa ṣírò àpapọ̀, 8192 MB náà ló kọ. Ẹ̀rọ tó rí méjì, tó wá kà á sí ẹyọ kan! Ṣé òótọ́ ẹni tó ń bá mi tún un ṣe kọ́ báyìí?

Bàbá Ẹ̀rọ, Wuse

Ohun tí ẹ kọ yìí dára púpọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Lára RAM kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí àwọn chip dúdú ńlá tó ń gbé iṣẹ́, chip kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní SPD. Orúkọ RAM náà, iye rẹ̀ àti bó ṣe ń yára tó ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan ni BIOS ń gbà ka SPD yìí. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ gan-an ń gbà lọ gbà bọ̀ láàárín RAM àti processor. Nítorí náà BIOS lè ka orúkọ RAM kan kó sì mọ iye tó jẹ́, síbẹ̀ kó má lè kọ ohunkóhun sínú rẹ̀. Bó bá dán an wò nígbà tí ẹ̀rọ ń tàn, tí kò dáhùn bó ṣe yẹ, á yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Windows á wá gba orúkọ lọ́wọ́ BIOS, á ní 16 ló wà, á gba àyè tó ṣeé lò, á ní 8 ló tó mi lọ́wọ́.

Ibi tí a dé báyìí ni pé Windows kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ RAM kan ni, ó lè jẹ́ ihò, ó lè jẹ́ ọ̀nà. Bí ẹ ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí.

Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ìtanná ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ yọ RAM méjèèjì. Ẹ fi ẹyọ kan sínú ihò tí wọ́n kọ A1 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ wo iye tí BIOS kà. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà, ẹ fi èkejì sínú ihò A1 kan náà. Bí méjèèjì bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, RAM yín mọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú ọ̀kan tí ẹ ti mọ̀ pé ó dára, kí ẹ máa gbé e káàkiri ihò tó kù. Ẹ máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ẹ má gbára lé orí.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ tí ẹ fi kí wa lẹ́ẹ̀kan, ó kan iṣẹ́ yìí. Ẹ mọ bí súwẹ́tà ṣe máa ń ta pàrà-pàrà lára nígbà téèyàn bá ń bọ́ ọ lóru ọyẹ́. Iná nìyẹn, ìwọ̀nba rẹ̀ tí kò ní dun èèyàn rárá sì tó láti ba chip jẹ́. Ẹ bọ́ súwẹ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì máa fọwọ́ kan irin ara àpótí kọ̀ǹpútà náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan RAM.

Ará Jos

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ìkìlọ̀ kan fún Ayàwòrán: òtútù Jos ti mú kí gbogbo wa máa fi òrí àti Vaseline para títí ọwọ́ á fi máa dán, ó dájú pé ẹ̀yin náà ń ṣe é ní Abuja. Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ sì nù ún gbẹ kí ẹ tó yọ RAM. Etí rẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan eyín tó láwọ̀ wúrà nísàlẹ̀ yẹn. Ọ̀rá tó bá lẹ̀ mọ́ eyín yẹn, eruku ló ń gbé wá sí i.

Bí eyín náà bá ti ṣú, ẹ fi ìrésà funfun rọra nù ún síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹ sì gbọn gbogbo èérún rẹ̀ dànù kí ẹ tó dá a padà. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ inú ihò o. Itọ́ ló ń bá afẹ́fẹ́ ẹnu jáde, eruku tó bá sì ti tutù nínú ihò RAM ti di ẹrẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ lò.

Ará Lugbe

Mo fi ìbéèrè kan bọ̀ ọ́ láàárín, ẹ jọ̀ọ́. Laptop tèmi náà jẹ́ Core i5 ìran kẹrin, ihò RAM méjì. Ṣé mo lè ra RAM 16GB ẹyọ kan, kí n fi sí ihò kan?

Bàbá Ẹ̀rọ, Wuse

Rárá o. Ìran kẹrin kò lè lò ju 8GB lọ nínú ihò kan. 8GB méjì ni kí ẹ rà. Kí ẹ sì rí i pé irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR3L ló jẹ́, volt 1.35, DDR3 lásán jẹ́ volt 1.5, ọ̀pọ̀ laptop ìran yẹn kì í sì í gbà á, ojú rẹ̀ á kàn dúdú ni. Ẹ gbé laptop náà dání lọ sí ọjà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi RAM náà sí i níbẹ̀, kí ẹ wo Task Manager fúnra yín kí ẹ tó sanwó, yálà ní Banex ni o tàbí níbòmíràn. Ẹni tí ọjà rẹ̀ mọ́ kò ní bínú sí i.

Ayàwòrán Kubwa

Ẹ̀yin àgbà, mo ti dé. RAM méjèèjì ló ṣiṣẹ́ nínú A1. Méjèèjì ló ṣiṣẹ́ nínú A2. Bí mo bá gbé èyíkéyìí nínú wọn sí B1 nìkan, ojú ẹ̀rọ á dúdú, ẹ̀rọ á máa ké pí-pí-pí. B2 náà, bákan náà ni. Mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú ihò méjèèjì, mo sì ti fi ìrésà nu eyín RAM, kò yí padà.

Olùkọ́ Minna

Hẹn-ẹn. Ihò méjì kì í sábà bàjẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fura sí processor, àmọ́ Bàbá ni kó sọ ọ́.

Bàbá Ẹ̀rọ, Wuse

Olùkọ́ ti rí i. Ayàwòrán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti tú fáànù orí processor láìpẹ́ yìí?

Ayàwòrán Kubwa

Bẹ́ẹ̀ ni. Eruku ti pọ̀ nínú rẹ̀ látìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, fáànù sì ń pariwo. Ọmọ iṣẹ́ ẹni tó ń tún un ṣe ló wá tú u, ó gbá a, ó fi ìpara tuntun sábẹ́ fáànù. Àbí ìyẹn ló fà á?

Bàbá Ẹ̀rọ, Wuse

Ibẹ̀ gan-an ni kí a wò. A1 àti A2 ń lo ọ̀nà kan, B1 àti B2 ń lo ọ̀nà kejì. Ọ̀nà B lódindi ni kò dáhùn, ìdí nìyẹn tí ihò méjèèjì fi dákẹ́. Láyé àtijọ́, orí motherboard ni ohun tó ń darí RAM wà, ṣùgbọ́n AMD ti gbé e wọ inú processor láti 2003, Intel bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2008. Nítorí náà lórí ìran kẹrin, láti inú ihò RAM, ọ̀nà náà kọjá lára motherboard, ó gba abẹ́ processor, ó sì wọ inú rẹ̀. Bí eyín kan ṣoṣo lábẹ́ processor kò bá fọwọ́ kan ibi tó yẹ, ọ̀nà kan lè dákẹ́ kí gbogbo ohun tó kù sì máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Processor yín, LGA 1150 ni ìjókòó rẹ̀. Eyín tín-tín-tín 1,150 ló wà nínú ìjókòó náà, lórí motherboard. Abẹ́ processor fúnra rẹ̀ pẹlẹbẹ ni, ojú wúrà kéékèèké ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ó gba sùúrù ni. Bí ọwọ́ yín bá máa ń gbọ̀n, ẹ wá ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sì dúró tì í.

Ẹ yọ wáyà, ẹ tú nọ́ọ̀tì fáànù, díẹ̀díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má tú ọ̀kan tán kí ẹ tó dé òmíràn. Ẹ gbé fáànù kúrò, ẹ nu ìpara orí processor dànù, ẹ wá ṣí irin tó dì í mú, kí ẹ fi ìka méjì gbé processor sókè tààrà. Ẹ má fọwọ́ kan inú ìjókòó náà rárá. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ẹ fi kámẹ́rà fóònù ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ fà á tóbi. Bí eyín gbogbo bá tò lọ́gbọọgba, tí ìmọ́lẹ̀ ń dán lórí wọn bákan náà, wọ́n dára. Èyí tó bá tẹ̀, ibi tó wà á dà bí ààmì dúdú láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ, ẹ fi àwòrán ránṣẹ́ síbí.

Ẹ wá yí processor padà, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ìpara bá ti ta sí i, ẹ fi sípíríìtì díẹ̀ sára aṣọ tí kì í já fọ́nrán, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Nígbà tí ẹ bá ń dá fáànù padà, ìpara tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ ló tó. Ẹ so nọ́ọ̀tì ní ìkọjá: apá òsì òkè, apá ọ̀tún ìsàlẹ̀, apá ọ̀tún òkè, apá òsì ìsàlẹ̀, kí ẹ sì máa fún wọn díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo wọn á fi dọ́gba. Bí wọ́n bá fún apá kan jù, processor á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, eyín apá kejì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì, Sabon Gari Kano

Ayàwòrán, Ọlọ́run á bá yín ṣe é o. Bàbá, mo rí UMA yẹn nínú BIOS. Mo ti dín in kù lórí gbogbo wọn, 7.4 GB ni wọ́n ń kọ báyìí. Ẹ ṣeun, Olúwa á túbọ̀ máa fún yín lókun.

Ayàwòrán Kubwa

Ó ti bọ́ sí i! 15.9 GB usable!

Eyín ìjókòó náà dára, mo ya àwòrán rẹ̀, mo sì wò ó ní ìlà-ìlà. Abẹ́ processor ni ọ̀rọ̀ wà: ìpara aláwọ̀ eérú ti ta sí etí rẹ̀ lápá kan, ó bo ojú wúrà bíi mélòó kan níbẹ̀. Mo fi sípíríìtì nù ún títí ó fi dán. Nọ́ọ̀tì fáànù méjì náà ti fún jù, méjì tó kù ń yí lọ́wọ́ lásán. Mo so wọ́n ní ìkọjá bí ẹ ṣe wí. Mo dá RAM padà sí A1 àti B1, mo tan ẹ̀rọ, BIOS kọ 16384 MB. Bánà tó ń dá iṣẹ́ dúró yẹn, mo ti ṣí i, mo ti parí rẹ̀, mo ti fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́.

Bàbá Ẹ̀rọ, Wuse

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí Windows fúnra rẹ̀ yẹ RAM náà wò lálẹ́ òní kí ọkàn yín lè balẹ̀: bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ mdsched, ẹ jẹ́ kó tún ẹ̀rọ tàn. Àsìkò tí iná bá dúró dáadáa tàbí tí ínfátà bá gbé e ni kí ẹ ṣe é.

Ọmọ Samaru

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ mi. Nínú About, ó kọ “32-bit operating system, x64-based processor”. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa gbèjà iṣẹ́ mi níwájú àwọn olùkọ́. Ṣé kí n tètè ṣe é kí n tó lọ?

Bàbá Ẹ̀rọ, Wuse

Àbúrò, má ṣe é kí o tó gbèjà iṣẹ́ rẹ. 3.4GB tó ti gbé ọ dé ibí á gbé ọ dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Pa àwọn ohun tó kù lójú ẹ̀rọ nígbà tí o bá ń lo SPSS, software ìṣirò iṣẹ́ rẹ yẹn, pàápàá jù lọ Chrome.

“x64-based processor” tó kọ yẹn ló ṣe pàtàkì: ẹ̀rọ rẹ lè gba 64-bit, Windows tó wà lórí rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè rí RAM tó kù. Kò sí bí a ṣe ń sún 32-bit di 64-bit lórí ara rẹ̀, o máa pa tàtijọ́ rẹ́ ni kí o tó fi tuntun sí i. Nítorí náà, nígbà tí o bá ti gbèjà iṣẹ́ rẹ tán, da gbogbo fáìlì rẹ sí flash tàbí hard disk mìíràn. Gbé flash náà lọ sórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ, kí o sì ṣí iṣẹ́ àṣekágbá náà níbẹ̀, kí o rí i pé ó ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbà yẹn ni kí o tó fọwọ́ kan Windows.

Wá flash mìíràn tó tó 8GB, kí o wa Windows 64-bit láti ojú ìwé Microsoft fúnra rẹ̀, má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á nínú CD. Bí Windows tó wà lórí rẹ̀ bá ti ní ìwé àṣẹ, tí o sì mú irú rẹ̀ kan náà, Home sí Home tàbí Pro sí Pro, àṣẹ náà á padà fúnra rẹ̀ nígbà tí o bá sopọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Mọ̀ pé Microsoft ti dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10 ní October 14, 2025, Windows 11 kò sì ní 32-bit rárá. Bí ẹ̀rọ rẹ bá tó Windows 11 gbà, òun ni kí o kúkú fi sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí o bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí o ń lò pẹ̀lú rẹ̀, wò ó kí o tó bẹ̀rẹ̀ bóyá àwọn tó ṣe é ní driver (software tó ń jẹ́ kí Windows lè bá a ṣiṣẹ́) 64-bit fún un, torí ti 32-bit kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. SPSS náà, tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì ti ní kọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ́wọ́ kí o tó pa tàtijọ́ rẹ́. Kí laptop wà lórí iná ní gbogbo àsìkò tí ó bá fi ń ṣe é, kí bátìrì rẹ̀ sì kún. Bó bá parí, ṣí Task Manager, kí o kọ iye tó bá sọ ránṣẹ́ sí wa síbí.